Ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà: kí ló fa àlàfo, kí ló sì fa ẹjọ́?

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń wádìí ètò tí ìlú Chicago ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn òbí, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́hùn-ún. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti fi òfin de ríran ọmọ dúdú lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní ṣe ni Chicago ń ti ọmọ ẹ̀yà mìíràn síta. Ti àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ti èkejì gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Kí ènìyàn tó lè mọ ohun tó wà nídìí ìjà náà, ó di dandan kó kọ́kọ́ mọ bí àlàfo tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dí ṣe wáyé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Chicago àti Los Angeles?

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Chicago gbé ètò ọlọ́dún márùn-ún kan jáde, wọ́n sì pè é ní Black Student Success Plan. Ètò náà kò ṣàdédé wáyé, nítorí pé òfin kan tí ìpínlẹ̀ Illinois ṣe ní 2024 ti ní kí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò máa bójú tó èsì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú. Lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí iye ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ olùkọ́ di ìlọ́po méjì, kí lílé ọmọ dúdú lọ sílé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ fi 40 dín kù nínú 100, kí ìtàn àwọn ènìyàn dúdú sì túbọ̀ wọ inú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì.

Kò pẹ́ rárá tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Parents Defending Education fi kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, pé ètò tó dárúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ta ko òfin. Ní oṣù Kẹrin, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní àwọn yóò dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là owó ìrànwọ́ Chicago dúró, ètò yìí sì wà lára ìdí tí wọ́n sọ.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà ti kọ́kọ́ lọ sí Los Angeles. Ìlú yẹn ti ní ètò tirẹ̀ láti oṣù Kejì ọdún 2021, pẹ̀lú 36.5 mílíọ̀nù dọ́là, tí 25 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ wá láti inú owó tí wọ́n gé kúrò lára ti ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi owó náà gba àwọn olùdámọ̀ràn àti òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ìrònú ọmọdé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ dúdú pọ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀sùn dé ní 2023, àwọn aláṣẹ tún ètò náà kọ ní 2024, wọ́n sì yọ àwọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó ran ọmọ lọ́wọ́. Orúkọ ètò kò yí padà. Ẹni tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀ ló yí padà.

Kí gan-an ni wọ́n ń pè ní àlàfo?

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpíndọ́gba máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn ẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun nínú ìdánwò kan náà ni. Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí ni NAEP, tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe láti 1969. Kò sí ọmọ tí wọ́n ń fi èsì ìdánwò yìí lé lọ́wọ́, wọn kì í sì í fi wọ ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ṣe ni wọ́n máa ń ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́bẹ̀ kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó.

Nínú ìṣirò kíláàsì kẹrin ti ọdún 2019, nínú 500, àwọn ọmọ funfun gba 249 ní ìpíndọ́gba, àwọn ọmọ dúdú sì gba 224. Nígbà tó di 2022, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ti ọmọ funfun wá sílẹ̀ sí 246, ti ọmọ dúdú já sí 217. Àlàfo 25 di 29.

Ìpíndọ́gba kì í sọ ohunkóhun nípa ọmọ kan pàtó. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ dúdú ló ń gba máàkì tó ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ funfun lọ. Ohun tó sì tún ṣe pàtàkì, tí àwọn tó ń jiyàn kì í sábà rántí, ni pé àlàfo yìí kì í dúró sójú kan. Nínú ìdánwò ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ọdún 13, ọmọ funfun gba 261 ní 1971, ọmọ dúdú gba 222. Ní 1988, 261 náà ni ọmọ funfun tún gba, ṣùgbọ́n ti ọmọ dúdú ti gòkè dé 243. Láàárín ọdún 17, ìyàtọ̀ 39 ti di 18, kò sì sí ẹni tí wọ́n fà sẹ́yìn kí ẹlòmíràn tó bá a. Nígbà tí wọ́n wọ àwọn ọdún 1990, àlàfo náà tún fẹ̀ padà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 17 yẹn? Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ gúúsù ń da ọmọ dúdú àti funfun pọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ìgbà náà ni owó ìrànwọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn tálákà, tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1965, ń wọlé. Ìgbà náà ni Head Start, ètò fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ lọ, ń ràn kálẹ̀. Àwọn òbí dúdú fúnra wọn sì ń kàwé ju àwọn òbí tiwọn lọ.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìwé jẹ́ èèwọ̀. Ní 1830, ilé aṣòfin North Carolina ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà tàbí kíkọ. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan ní 1896 tó fàyè gba ìyàsọ́tọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n pèsè fún dúdú àti funfun bá dọ́gba. Kò dọ́gba rí.

Ọ̀rọ̀ Linda Brown, ọmọbìnrin kékeré kan ní Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Sumner kò jìnnà sí ilé wọn, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ funfun ni. Linda ní láti rìn gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì yóò ti gbé e lọ sí Monroe, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú. Bàbá rẹ̀ àti àwọn òbí mìíràn pe ẹjọ́, Thurgood Marshall wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó rò ó, nígbà tó sì di ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán panu pọ̀ pé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí òfin ilẹ̀ náà.

Ìdájọ́ yàtọ̀ sí ìmúṣẹ. Ní agbègbè Prince Edward ní ìpínlẹ̀ Virginia, dípò kí àwọn aláṣẹ gba ọmọ dúdú sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ funfun, ṣe ni wọ́n ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pa láti 1959 títí di 1964. Àwọn ọmọ funfun bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú kò ní ibi tí wọn yóò lọ fún odindi ọdún márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́ nígbà náà, tó bá wà láàyè, kò tíì pé ẹni ọgọ́rin ọdún lónìí.

Àwọn olùkọ́ dúdú náà jẹ nínú ìyà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n pa ilé ẹ̀kọ́ dúdú àti funfun pọ̀, ti dúdú ni wọ́n sábà máa ń tì pa. Láàárín 1954 sí 1965, iye olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìpínlẹ̀ 17 lé ní 38,000.

Kí ló dé tí owó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan fi ju ti èkejì lọ?

Ẹni tó bá fi ojú Nàìjíríà wò ó kò ní tètè yé e. Olùkọ́ ìjọba ní Ìbàdàn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣakí, ìlànà owó oṣù kan náà ni wọ́n fi ń san owó wọn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 10 péré nínú 100 ni ìjọba àpapọ̀ ń mú wá nínú owó ilé ẹ̀kọ́; ìpínlẹ̀ àti àdúgbò ló ń gbé ìyókù, orí ilé àti ilẹ̀ tó wà ní àdúgbò náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó orí ti àdúgbò ti ń wá. Níbi tí ilé bá ti gbówó lórí, owó ilé ẹ̀kọ́ máa ń pọ̀.

Bí ilé ṣe wá níye lórí sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Láàárín 1935 sí 1940, àjọ ìjọba kan tó ń bójú tó ẹ̀yáwó ilé ya àwòrán ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun àwọn àdúgbò tí wọ́n kà sí eléwu fún ayánilówó. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ibi tí ènìyàn dúdú ń gbé ni wọ́n kùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí owó yá láti ra ilé kò rí ilé fi jogún fún ọmọ, àdúgbò rẹ̀ kò sì rí owó orí gbà.

Ìdájọ́ méjì mú kí èyí le láti tú. Ní 1973, Demetrio Rodriguez àti àwọn òbí mìíràn ní agbègbè Edgewood ní San Antonio, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, sọ fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé ó lòdì sí òfin kí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn tòṣì nítorí pé ilé wọn kò níye lórí. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ló dá wọn lẹ́bi, pé ẹ̀kọ́ kò sí lára ẹ̀tọ́ tí òfin ìjọba àpapọ̀ dárúkọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, márùn-ún sí mẹ́rin náà ni wọ́n tún fi pinnu pé kò sí ẹni tó lè fi agídí da àwọn ọmọ Detroit pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlú kéékèèké aláwọ̀ funfun tó yí i ká. Marshall, tó ti di adájọ́ níbẹ̀ nígbà yẹn, wà lára àwọn tí kò fara mọ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tiwọn gbé àdúgbò tálákà dìde, ìyàtọ̀ owó sì ti dín kù ní ibi púpọ̀. Èyí ló mú kí àwọn kan tún padà sí ohun tí James Coleman, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, sọ ní 1966. Ìwádìí rẹ̀, tí ilé aṣòfin pàṣẹ fún, kan akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ohun tó sì rí ni pé ipò ilé tí ọmọ ti wá àti irú ọmọ tó bá a jókòó ní kíláàsì ń ṣàlàyé èsì ju ilé ìkàwé àti owó lọ. Sean Reardon ti Yunifásítì Stanford ń sọ ohun tó jọ ọ́ lóde òní: ibi tí àlàfo ti fẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti kó ọmọ dúdú jọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí òṣì ti pọ̀, nígbà tí ọmọ funfun wà ní ibòmíràn.

Inú kíláàsì ńkọ́?

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, ọmọ dúdú jẹ́ 15.5 nínú gbogbo 100 akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n nínú 100 ọmọ tí wọ́n lé lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan, 39 jẹ́ ọmọ dúdú. Ọmọ tó wà nílé kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń kọ́ àwọn yòókù. Olùkọ́ dúdú, ní tiwọn, kò ju nǹkan bí 7 lọ nínú 100.

Ìpínlẹ̀ Tennessee ló fún àwọn olùwádìí ní ẹ̀rí tó dúró jù lọ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Láti 1985 sí 1989, wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ kéékèèké sí kíláàsì oní 13 sí 17 àti kíláàsì oní 22 sí 25. Kíláàsì kékeré ṣe gbogbo ọmọ láǹfààní, ti ọmọ dúdú sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Seth Gershenson àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ padà sórí àkọsílẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n sì rí i pé ọmọ dúdú tó bá ní olùkọ́ dúdú kan, ó kéré tán, kó tó parí kíláàsì kẹta, máa ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ju èyí tí kò ní lọ. Ibí yìí ni àbá nípa olùkọ́ nínú ètò Chicago ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ tiwa?

Nígbà tí ìyá Yorùbá kan ní Chicago bá ń forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, àpótí kan náà ló máa fi àmì sí pẹ̀lú ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ṣe ẹrú ní Mississippi. Inú ìpíndọ́gba kan náà ni máàkì ọmọ méjèèjì yóò wọ̀.

Ọmọ Nàìjíríà kan tilẹ̀ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dá awuyewuye jù lọ sílẹ̀ lórí èyí. John Ogbu, ọmọ Igbo tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, tó sì kú ní 2003, pín àwọn ẹ̀yà tó kéré sí ọ̀nà méjì: àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, àti àwọn tí wọ́n fi ipá kó wá. Ó ní àwọn ìkejì ti rí i láti ìran dé ìran pé ìwé kò ṣílẹ̀kùn fún wọn bó ṣe ń ṣí i fún ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn kan fi ń wo ìwé kíkà bí ohun tòyìnbó. Ọ̀pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Karolyn Tyson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wádìí ilé ẹ̀kọ́ ní North Carolina, sọ ní 2005 pé ọmọ dúdú fẹ́ràn àtiyege bí ọmọ yòókù, àti pé ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ funfun jù sí kíláàsì àwọn olórí pípé ni wọ́n ti sábà ń bú ọmọ dúdú tó mọ̀wé pé ó ń ṣe bí òyìnbó.

Àwọn ará ilé wa tó ń bi àwọn ọmọ dúdú Amẹ́ríkà pé “ṣé ẹ ò rí àwa ni?” ń gbàgbé físà. Ó ju ìdajì àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń gbé Amẹ́ríkà, tó ti gba oyè yunifásítì. Gbogbo wa tó wà nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣà kó tó wọ bàálù kò ṣeé fi wọn ẹni tí wọn kò ṣà.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí nǹkan ti yí padà?

Ó wà. Mississippi, tó máa ń gbẹ́yìn nínú gbogbo nǹkan, ṣòfin ní 2013 pé ọmọ tí kò bá lè kàwé dáadáa ní ìparí kíláàsì kẹta yóò tún kíláàsì náà kà. Wọ́n rán àwọn olùkọ́ àgbà sí ilé ẹ̀kọ́ tí èsì wọn kò dára, wọ́n sì pa ọ̀nà ìkọ́ni tó ń ní kí ọmọ wo àwòrán kó méfò ọ̀rọ̀ tì, wọ́n padà sí pípe lẹ́tà ní ìró-ìró. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú olùkọ́ tó ń nà pátákó pé “b, a, ba, b, e, be” mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú ìwé kíkà kíláàsì kẹrin, ìpínlẹ̀ náà kúrò ní ipò 49 ní 2013, ó dé ipò 9 ní 2024, àwọn ọmọ dúdú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gba máàkì jù láàárín ọmọ dúdú gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn tó ń ṣiyèméjì ní dídá ọmọ dúró ní kíláàsì kẹta ń gbé máàkì kíláàsì kẹrin ga, àti pé èsì kíláàsì kẹjọ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo dúdú àti funfun nínú ìpínlẹ̀ náà kò sì tíì parẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Ilé Iṣẹ́ Ológun ń darí fún ọmọ àwọn sójà tún yàtọ̀. Ní 2022, ọmọ dúdú kíláàsì kẹjọ níbẹ̀ gba máàkì ìwé kíkà tó ju ìpíndọ́gba ọmọ funfun jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ. Níbẹ̀, òbí kan ó kéré tán níṣẹ́, ilé àti ìwòsàn wà, ọmọ ọ̀gágun àti ti kọ́púrà ń jókòó papọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ kò sì dúró de owó orí àdúgbò kankan.

Kí wá ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí?

Àwọn tó fi ẹ̀sùn kan Chicago dúró lórí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964, tó ní ètò tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú nítorí àwọ̀. Lójú wọn, ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi fòpin sí wíwo àwọ̀ nígbà ìgbaniwọlé sí yunifásítì ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pẹ̀lú. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni kí ìjọba wá, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2025, ṣùgbọ́n adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Maryland fagi lé lẹ́tà náà ní oṣù Kẹjọ.

Àwọn tó ń gbèjà ètò náà ní kò ti ọmọ kankan síta. Wọ́n ń rántí pé òfin tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2002 ló pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa ya máàkì sọ́tọ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, wọ́n sì ń béèrè bí ìjọba ṣe lè ní kí wọ́n ka àlàfo náà, kó tún ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Gloria Ladson-Billings, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ti sọ ní 2006 pé ọ̀rọ̀ náà “àlàfo” fúnra rẹ̀ kò tọ́: gbèsè ló pè é, èyí tó ti ń kóra jọ láti ìran dé ìran.

California ti dán ọ̀nà kẹta wò. Òfin tí àwọn olùdìbò ibẹ̀ ṣe ní 1996 kò gba ojúsàájú lórí àwọ̀. Ní 2022, aṣòfin Akilah Weber gbé àbá kan wá pé kí owó kún fún ẹ̀yà tí máàkì rẹ̀ kéré jù, láì dárúkọ àwọ̀. Ọmọ dúdú ni ìṣirò náà yóò bọ́ sí. Àbá náà kò di òfin. Dípò rẹ̀, 300 mílíọ̀nù dọ́là wọ inú ìṣúná 2023 fún ilé ẹ̀kọ́ tí òṣì ti pọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wọlé jáde jù. Àwọn tó ti ń jà fún àbá àkọ́kọ́ ṣàròyé pé ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú kò sí ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí èyí ṣe ń lọ, Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ dá nǹkan bí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹta 2025, àwọn tó ń ka máàkì sì wà lára wọn. Òfin ṣì ní kí ìdánwò NAEP ti ìwé kíkà àti ìṣirò máa wáyé ní ọdún méjì-méjì. Ti 2026 ló tẹ̀ lé ti 2024, àpótí tí òbí fi àmì sí lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni wọn yóò sì tún fi ya èsì rẹ̀ sọ́tọ̀.